Ààbọ̀ Irun ní Ṣọ́ọ̀bù Safurat

Ẹkún ọmọ kan ló mú mi yà síbẹ̀. Ìlú Ọ̀yọ́ ni, nítòsí Ọjà Àkẹ̀sán, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Mo ń ti ìsìn òwúrọ̀ bọ̀ ni mo gbọ́ igbe ọmọdé láti inú ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan, irú igbe tí ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé wọ́n ń lu ọmọ ní ìlùkulù. Mo yọjú. Irun ni wọ́n ń dì fún un. Irun náà le, ọmọ náà kò sì jẹ́ kí orí òun dúró sójú kan. Ọ̀gá onídìrí ti bínú, ó ti fi òòyà gbá a léjìká.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan tí ó lo ìborí aláwọ̀ ewé, jókòó sílẹ̀ níwájú ọmọ náà. Ó fa ìwé kan tí kò ní èèpo ẹ̀yìn mọ́ yọ láti inú àpò òwú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ìtàn ewúrẹ́ kan tó sọnù lọ́jọ́ ọjà ni. Nígbà tí ewúrẹ́ já okùn, ọmọ yìí ṣì ń ké. Nígbà tí ewúrẹ́ wọ ilé onílé, ó dákẹ́. Nígbà tí onílé ní òun lòun ni ín, ọmọ náà pariwo pé, "Irọ́ ló ń pa! Ẹ má gbà á gbọ́ o!" Láti ìgbà náà lọ orí rẹ̀ kò mì mọ́. Ọ̀gá dirí náà tán wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Safurat nìyẹn. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n yẹn. Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè mi kò ní ìtumọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tó bá ń ronú nípa ẹlòmíràn kì í ráyè ronú nípa orí ara rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bá tèmi lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ìjọba gbé mi lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá kí n tó mú ọmọ mi, Tijésùnimí, lọ dirí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lẹ́bàá Ọjà Igbó. Ohùn ọmọdé tó ń kàwé ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Bí mo ti wọlé, Safurat gbójú sókè láti ìdí irun tó ń dì. Ó ti sanra díẹ̀, ó ti bí ọmọkùnrin kan, Mubaraq, ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sì ni.

"Ẹ̀gbọ́n ti Àkẹ̀sán!" ó ní. "Ẹ kú àtijọ́ o. Ẹ jókòó. Ọmọ yín ló máa kàwé tẹ̀ lé e."

Ẹni tí kò bá gbé ní ìlú wa lè má mọ bí ọjọ́ Àìkú ti rí ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń yan irun tí àwọn ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ dì ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ṣùkú lọ́sẹ̀ yìí, kòlẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ tí kò bá dì í yóò fojú winá ní òwúrọ̀ Ajé. Nítorí náà, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni gbogbo orí ń dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, àwọn ọmọ máa ń jókòó, wọ́n á máa ja ìjà bisikíìtì, wọ́n á máa sùn lórí ara wọn. Ti Safurat yàtọ̀. Ọmọ tí orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún onídìrí kò lè di ìwé mú, nítorí náà ẹni tó kàn ni yóò kàwé fún un. Bí irun rẹ̀ bá parí, ẹni tó kàwé á wá jókòó, ẹlòmíràn á sì gba ìwé. Kò sí ẹni tó lè fo tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà dáadáa á máa pe lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù á máa ràn án lọ́wọ́.

Ó tún ní ohun kan tó máa ń ṣe. Bí ìtàn bá dé ibi tí wàhálà bá ẹnì kan, ọwọ́ Safurat á dúró lórí irun. Á ní, "Tí ó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?" Ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbéra mọ́ títí ẹnì kan yóò fi dáhùn, kò sì gba "mi ò mọ̀" ní ìdáhùn.

Èyí kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Martha, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ayọ̀mídé, ń ta ọṣẹ àti ìpara ní ọ̀ọ́kán. Obìnrin rere ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ohun tó bá ń fi àkókò ṣòfò.

"Ìyá Mubaraq," ó ní lọ́jọ́ kan, "orí ni mo ní kí o dì fún ọmọ mi o. Mi ò ní kí o dá ilé-ìwé sílẹ̀."

"Orí náà ni mò ń ṣe, Ìyá Ayọ̀. Orí ní inú, ó ní òde. Owó òde nìkan ni mò ń gbà lọ́wọ́ yín."

Onílé, Alhaji Yẹ̀kínì, náà ti kìlọ̀ fún un rí. Àgbàlagbà ni, ó sì ka èèwọ̀ sí. "Safurat, a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án."

"Alhaji, àlọ́ kọ́ o. Ìwé ni."

"Kí ló wà nínú ìwé ọ̀hún?"

"Àlọ́ ni."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ìgbà òjò ọdún kan, ìtàn ìlú kan tó wà létí odò ni wọ́n ń kà. Ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló ń kó àwọn ọmọ ìlú náà kọjá lọ sí ilé-ìwé. Àwọn ará ìlú wá ń sọ pé ìdílé ọmọbìnrin kan ń ba odò jẹ́, pé bí ó bá wọ ọkọ̀, ọkọ̀ á rì. Ọlọ́kọ̀ kó àwọn yòókù, ó fi ọmọbìnrin náà sílẹ̀ ní èbúté. Ibẹ̀ ni ọwọ́ Safurat ti dúró.

"Ẹ̀yin ti wà nínú ọkọ̀. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?"

Ayọ̀mídé, ọmọ Martha, kò tilẹ̀ rò ó. "Èmi máa jókòó jẹ́ẹ́ ni o. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Èmi máa bọ́ọ́lẹ̀ ní tèmi," ni ẹnì kan wí. "Irọ́ ńlá!" ni Tijésùnimí dá a lóhùn. "Ìwọ tí o kò lè fún èèyàn ní omi ìgò rẹ!"

Ọmọ kan wà lẹ́yìn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Dámisí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìyá àgbà rẹ̀ tó ń ta ògì ló ń tọ́ ọ. Ó ní, "Kò ní kí wọ́n bọ́ọ́lẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí ẹnì kan bojú wẹ̀yìn ni."

Ayọ̀mídé yí ojú rẹ̀ wò ó. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ Safurat gbéra padà.

Àwọn ọmọ kò mọ̀ pé wárápá máa ń mú Dámisí. Safurat mọ̀. Kí ó tó fọwọ́ kan irun ọmọ náà rárá ni ìyá àgbà ti wá sọ fún un, nítorí pé àwọn onídìrí mìíràn ti lé wọn. Ó bi ìyá náà ní ohun tí dókítà ní kí ènìyàn ṣe bí ó bá ṣẹlẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó sì ní kí ó máa mú un wá.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, pàtẹ́wọ́ ni ilé-ìwé wa yàn. Irun pàtẹ́wọ́, láti ọ̀tún àti láti òsì ni wọ́n ti ń dì í títí yóò fi pàdé láàárín orí. Ayọ̀mídé ló wà láàárín orúnkún Safurat, apá ọ̀tún ti parí. Dámisí ló dúró tó ń kàwé fún un. Bó ṣe ń kà á lọ, ohùn rẹ̀ dá. Ojú rẹ̀ yí, ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀, ara rẹ̀ le gbandi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Àwọn ọmọ tú ká bí adìyẹ. Tijésùnimí tèmi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé ìta. Àwọn àgbà sá wá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn dúró sí.

"Wárápá ni! Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

"Itọ́ rẹ̀! Ẹni tí itọ́ rẹ̀ bá kàn, ó bá a nù un!"

"Ẹ fi ṣíbí sí i lẹ́nu!"

"Ṣíbí kankan kò gbọdọ̀ wọ ẹnu rẹ̀!" Safurat ti kúnlẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà lélẹ̀, ó ká tówẹ̀lì sábẹ́ orí rẹ̀. "Ayọ̀mídé, gbé bẹ́ńṣì yẹn kúrò kó má baà forí gbá a."

Ayọ̀mídé lè sá. Kò sí ẹni tó di irun rẹ̀ mú mọ́. Ó gbé bẹ́ńṣì kúrò, ó padà wá, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dámisí. Ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́sẹ̀. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi nígbà tó ń sọ pé, "Dámisí, a wà níbí o. A ò tíì lọ."

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn mìíràn yọjú padà. Tijésùnimí wọlé. Nígbà tí ara Dámisí máa fi rọ̀, àwọn ọmọ mẹ́rin ló jókòó yí i ká, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n gidigidi. Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó ń ka èyí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Ìgbà náà ni Martha sọdá títì. Ó rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lára ọmọ tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó fi igbe ta, ó gbá Ayọ̀mídé mú lápá, ó sì wọ́ ọ jáde tòun ti ààbọ̀ irun. Ó fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ ọmọ náà títí àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Lẹ́yìn náà, ó mú un lọ bá onídìrí mìíràn kí ó parí apá òsì. Ayọ̀mídé di orí rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Wọ́n nà án, kò gbà.

Ní òwúrọ̀ Ajé, èmi ni mo ń yẹ orí wò lórí ìlà. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn ni, nítorí mo gbà pé ó yẹ kí ohun gbogbo wà létòlétò. Ayọ̀mídé dé pẹ̀lú apá ọ̀tún tó dán tó sì gún régé, àti apá òsì tó dúró ṣánṣán bí koríko. Àwọn ọmọkùnrin ti ń pariwo, "Ọwọ́ kan ò ṣe é pàtẹ́wọ́ o!"

"Ayọ̀mídé, kí ni èyí?"

"Àǹtí, ẹ má bínú." Kò sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀. "Mi ò wọ ọkọ̀ yẹn."

Òfin ni kí n dá a padà sílé. N kò dá a padà. Ó lọ jókòó sí bẹ́ńṣì Dámisí, tí ẹlòmíràn kò fẹ́ jókòó sí nítorí pé ìròyìn ti tàn.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń pe Tijésùnimí kí ó wá jẹun. Ó jáde pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́. Ó ti fúnra rẹ̀ tú apá òsì irun rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ilé-ìwé máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Wọ́n ti ń fi Dámisí ṣe é, Màmá. Kí wọ́n pín in."

Kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì, ààbọ̀ irun ti pé mẹ́fà ní kíláàsì náà. Ọ̀gá ilé-ìwé pè mí, ó ní kí ni mo rò pé mò ń ṣe. Àwọn ìyá ń bínú. Ọ̀kan wí lójú mi pé, "Ìwé ìtàn ló ń bà wọ́n jẹ́. Ó ti kọ́ wọn láti máa fèsì fún àgbà." Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò lọ́kàn mi, èmi náà sì fẹ́ fèsì rẹ̀ níhìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kọ́ wọn. A ti fi ẹnu sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn láìmọye ìgbà pé kí wọ́n ṣàánú ọmọnìkejì wọn. Wọ́n há a sórí bí wọ́n ti ń há ìṣirò sórí, wọ́n sì ń bu ara wọn lọ. Ìtàn gbé wọn jókòó sínú ọkọ̀, ó jẹ́ kí wọ́n rí èbúté tó ń jìnnà lẹ́yìn wọn. Ọmọ tó bá ti wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ kò ní lè ṣe bí ẹni pé òun kò rí i mọ́. Bí ìyẹn bá jẹ́ ìbàjẹ́, kí wọ́n ba tèmi jẹ́ sí i.

Àwọn obìnrin kan ti gba ọ̀dọ̀ Alhaji Yẹ̀kínì lọ. Ó wá bá Safurat lọ́sàn-án, èmi náà wà níbẹ̀.

"Safurat, o mọ̀ pé èmi kì í ṣe èèyàn burúkú."

"Mo mọ̀, Alhaji."

"Wọ́n ní tí ọmọ yẹn bá tún wọ ibí, àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀tún àti tòsì máa kó jáde. Ọmọ ẹyọ kan ni. Sọ fún ìyá àgbà rẹ̀ kó máa dirí fún un nílé."

"Alhaji, tí ó bá jẹ́ Mubaraq ńkọ́?"

"Mubaraq kò ní wárápá."

"Mi ò béèrè ohun tó ní. Mo ní tí ó bá jẹ́ òun."

Alhaji bojú wo ẹ̀gbẹ́. "Èmi kì í ṣe ọmọ kékeré tí ẹ ń kàwé fún."

"Mo gbọ́, sà. Ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹ̀yin lẹ ni ín. Bẹ́ńṣì tó wà nínú rẹ̀, èmi ni mo ni ín. Màá gbé bẹ́ńṣì mi jáde kí n tó ní kí ọmọ kan dìde lórí rẹ̀."

Alhaji fún un di ìparí oṣù. Safurat kò bẹ̀ ẹ́. Ó ń jáde lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ láti wá ibòmíràn, ó sì ń gbọ́ "kò sí àyè" ní ibi tí àyè wà gbayawu.

Ọjọ́ Àìkú tún dé. Bẹ́ńṣì tí kì í gba èrò ti dá páropáro: Dámisí, Tijésùnimí, àti ọmọ méjì mìíràn. Safurat ṣí ìwé bí ó ti máa ń ṣí i. A kò tíì kà jìnnà nígbà tí òjìji kan bo ẹnu ọ̀nà. Martha ni, ó di ọwọ́ Ayọ̀mídé mú, ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí ààbọ̀ irun.

"Gbà, parí orí ọmọ yìí fún mi," ó ní. "Ilé ò rójú. Kò jẹun dáadáa, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Parí ẹ̀ kí n máa lọ."

"Ẹ wọlé, Ìyá Ayọ̀."

"Mi ò wọlé."

Ó dúró síta, ó káwọ́ lẹ́yìn. Ayọ̀mídé ti jókòó sáàyè rẹ̀. Tijésùnimí gbé ìwé láti kà fún un, ó sì kọ̀. "Dámisí ló ń ka tèmi. Ibi tó ti dúró ni kó ti bẹ̀rẹ̀."

Dámisí gba ìwé, ohùn rẹ̀ sì dún kedere. Ó kà á pé ọmọbìnrin èbúté bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní etí odò, ó ń bá ọkọ̀ náà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́, títí ó fi dé ibi tí igbó ti dí ọ̀nà. Nínú ọkọ̀, ọmọ kan ti ọwọ́ rẹ̀ bọ inú omi, ó ń fà á sẹ́yìn kí ọkọ̀ má baà yára. Ibẹ̀ ni ọwọ́ Safurat ti dúró.

"Kí ló dé tí ẹ dúró?" Martha ló sọ̀rọ̀ láti ìta. "Ṣé ọmọ náà rí odò kọjá àbí kò rí i kọjá?"

"Màmá," ni Ayọ̀mídé wí láì gbé orí sókè, "ẹnì kan gbọ́dọ̀ dáhùn kí wọ́n tó máa kà á lọ."

"Èmi? Ṣé mo wá dirí ni?" Martha pòṣé. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tí inú ń bí, ó ní, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Níbo ni ìyá ọmọ yẹn wà tí wọ́n fi ń ṣe é báyìí?"

Safurat mi orí. "Wọ́n ti dáhùn. Dámisí, máa kà á lọ."

Martha kò wọlé lọ́jọ́ náà. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó dúró síta títí apá òsì fi pàdé apá ọ̀tún, ó mú ọmọ rẹ̀, ó sì sọdá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú kejì, Ayọ̀mídé nìkan ló wá, kò sì sí ẹni tó wá wọ́ ọ jáde. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e wá. Àwọn kan kò wá mọ́ títí di òní.

Nígbà tí Alhaji rí i pé kò sẹ́ni tó kó jáde, ó wá sọ fún Safurat pé kí ó fọkàn balẹ̀, kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ ṣeun, Alhaji. Mo ti rí ibòmíràn."

"Ṣé o bínú ni?"

"Ó tì o. Mo kàn fẹ́ ibi tí mi ò ti ní máa tọrọ àyè fún ọmọ kí ó tó jókòó."

Ó gbé dígí rẹ̀, ó gbé bẹ́ńṣì rẹ̀, ó gbé ìwé rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló kó wọn lọ.

Ní báyìí, ṣọ́ọ̀bù Safurat wà lẹ́yìn ibùdó àwọn ọlọ́kadà, ní ìsàlẹ̀ Ọjà Igbó, ilé onípáákó tí wọ́n kùn ní aláwọ̀ búlúù. Ó ń ṣí i lójoojúmọ́, àyàfi ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀.